Ehoro tí kì í ṣe ehoro: orúkọ Yorùbá wo ló yẹ Pedetes capensis?

Nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí a túmọ̀ «lièvre sauteur» sí «ehoro afòsókè». Orúkọ Faransé yìí àti «springhaas», tí àwọn elédè Afrikaans ń pe ẹranko náà, sọ ohun kan náà: ehoro tó ń fò. Ṣùgbọ́n ẹbí eku ni ẹranko náà wà.

Ilẹ̀ oníyanrìn tí koríko rẹ̀ kúrú ló ń gbé, ní Bòtswánà, Nàmíbíà, Sìmbábúè àti Gúúsù Áfíríkà. Irú rẹ̀ kejì, Pedetes surdaster, wà ní Kẹ́ńyà àti Tànsáníà. Ó máa ń wọn kílò 3 sí 4, ìrù rẹ̀ sì gùn tó ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ó sì lágbára. Òun ló fi ń fò bíi kangarú, ó sì lè fò ju mítà 2 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ iwájú kúrú, àmọ́ èékánná rẹ̀ gùn, ó sì fi ń gbẹ́ ihò. Inú ihò yìí ló ń sùn lọ́sàn-án. Lálẹ́, ó ń jáde láti jẹ koríko àti gbòǹgbò, a sì máa ba àgbàdo àti ẹ̀pà jẹ́ lóko. Ọmọ kan ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan.

Eyín ló tú àṣírí ẹbí rẹ̀. Ehoro ní eyín iwájú 4 lókè: ńlá 2, àti kékeré 2 tó fara pamọ́ sẹ́yìn wọn. Eku ní 2 péré, bẹ́ẹ̀ náà ni Pedetes. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ ń gbé inú igbó Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà: ìrù wọn ní ìpẹ́ nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ń na awọ ara wọn láti rà bàbà láti igi dé igi.

Nínú àpólà orúkọ Yorùbá, orí ló ń ṣáájú, ẹ̀yán ló ń tẹ̀ lé e. «Ajá ọdẹ», ajá ni. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka «ehoro afòsókè» yóò gbà pé irú ehoro kan ni. Ẹ̀yán náà kò sì ràn án lọ́wọ́, nítorí ehoro gidi pàápàá ń fò.

«Eku afò» sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n «fò» ní ìtumọ̀ méjì: ẹyẹ ń fò, ọ̀pọ̀lọ́ náà ń fò. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé àwọn ìbátan tó ń rà bàbà ni à ń sọ.

Àbá mi ni «eku afẹsẹ̀fò»: a- + fi + ẹsẹ̀ + fò, pẹ̀lú ìpajẹ fáwẹ̀lì «fi», gẹ́gẹ́ bó ti rí nínú «afẹsẹ̀gbá». Ìtóbi kò dí orúkọ yìí lọ́wọ́; ọ̀yà lè tóbi ju Pedetes lọ, síbẹ̀ ẹbí eku náà ni. Orúkọ sáyẹ́ǹsì pàápàá kò dárúkọ ehoro: «Pedetes» túmọ̀ sí «afò» ní èdè Gíríìkì.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gba inú Faransé dé ọ̀dọ̀ wa. Kí a tó túmọ̀ wọn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa bóyá orí àpólà náà sọ òtítọ́.