ILÉ TÍ WỌ́N TI TA ÈÈYÀN NÍ GÁNÀ: ṢÉ KÍ WỌ́N KÙN ÚN NI, ÀBÍ KÍ WỌ́N JẸ́ KÓ WÓ?

Kò sí òkun ní Ìsọlọ̀-Òpin, ṣùgbọ́n àgbàlagbà wo níbẹ̀ ló máa ní òun ò gbọ́ orúkọ Gánà rí? Títí di ọdún 1969, tí ìjọba Busia lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, tó fi mọ́ àwọn ará Kwárà, ti ń ṣòwò jẹun. Ẹni tó bá sì gba etíkun láti Cape Coast lọ sí Takoradi kò lè ṣàìrí ilé olódi funfun ràgàjì kan ní Elmina.

Ilé ọ̀hún ti pẹ́ o! Ọdún 1482 ni Diogo de Azambuja, ará Pọ́túgà, kó ṣọ́jà, bíríkìlà àti káfíńtà bí ẹgbẹ̀ta wá kọ́ ọ. Láti ìlú wọn ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta, tí wọ́n la pákó, kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀. Wúrà ni wọ́n ń wá. Ọba ìlú, tí àwọn Pọtogí ń pè ní Caramansa, kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní kí wọ́n máa wá, kí wọ́n máa lọ bíi ti tẹ́lẹ̀, torí ọ̀rẹ́ tó ń ríra lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í jà. Bàbá yẹn ò purọ́.

Nígbà tó yá, òwò wúrà di òwò ẹrú. Lọ́dún 1637, àwọn ará Họ́láǹdì gbé ìbọn àgbá gun òkè tó kọjú sí ilé náà, wọ́n yìn ín títí àwọn Pọtogí fi túúbá. Ni àwọn náà bá ń bá òwò ẹrú lọ títí di 1814. Òkè ni ọ̀gá ń sùn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń to èèyàn sí bí ẹni to iṣu sábà. Òótọ́ ni pé Wìdà, Àgbádárìgì àti Èkó ni wọ́n gbà kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n ẹkún kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì gba ilé náà ní 1872. Ní 1896, ibẹ̀ ni wọ́n ti Prempeh, ọba Aṣántì, mọ́.

Ìjọba Gánà ló ń tọ́jú rẹ̀ báyìí, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé láti 1979. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, owó dé láti Amẹ́ríkà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n kùn ún. Ni ìjà bá bẹ̀rẹ̀! Àwọn ọmọ ẹrú tó ti Amẹ́ríkà wá ní ṣe ni wọ́n fi ọ̀dà funfun bo ẹ̀ṣẹ̀ òyìnbó mọ́lẹ̀. Àwọn ará Gánà kan ní àlejò tó ń wá wò ó ló ń mú owó àti iṣẹ́ wọ ìlú.

Ta ló jàre? Ẹni tó bá ní kí wọ́n jẹ́ kó wó, kó lọ wo Keta. Ilé olódi tí àwọn ará Dẹ́ńmáàkì kọ́ síbẹ̀ ní 1784, òkun ti gbé apá kan rẹ̀ lọ. Ilé etíkun tí a kò tọ́jú, oúnjẹ omi iyọ̀ ni. Kí wọ́n kun ìta, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi yàrá òkùnkùn ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ilé bá wó tán, ẹlẹ́rìí kú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé náà. Kwárà kan náà ni Èsìẹ́ wà, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ọnà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1945 torí àwọn ère òkúta ibẹ̀. Ká ní wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún òjò àti olè, kí là bá fi han ọmọ? Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ló ń wó lọ ní ìlú tiyín báyìí?