Ìgbà Èwe ní Àfonífojì Rhondda

Bí àlejò kan bá wọ ìlú Treorci, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Wales, ní nǹkan bí ọdún 1925, tí ó sì béèrè ilé Ọ̀gbẹ́ni Jones lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tí ń ṣeré lójú títì, ìbéèrè ni wọn yóò fi dá a lóhùn: Jones wo? Ṣé Jones Onímílíìkì ni, àbí Jones Oníbúrẹ́dì? Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ń bá ará ìlú sin òkú ni ó ń wá, orúkọ iṣẹ́ náà ni wọn yóò so mọ́ ti ẹni náà, kò sì sí ẹni tí yóò kà á sí èébú. Yorùbá tí ó ti gbọ́ Bàbá Alágbẹ̀dẹ àti Ìyá Alákàrà rí kò ní ṣe kàyéfì. Ṣùgbọ́n ìdí tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fi gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Láyé àtijọ́, orúkọ baba ni ọmọ Wales ń so mọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, ‘ap’, tí ó túmọ̀ sí ‘ọmọ’, ni wọ́n fi ń so ó. Nígbà tí àṣà Gẹ̀ẹ́sì wá sọ orúkọ ìdílé di dandan, ap Rhys di Price, ap Hywel di Powell, ap Owen di Bowen, àìmọye àwọn tí baba wọn ń jẹ́ John sì di Jones. Orúkọ ìdílé kò tó nǹkan, ènìyàn sì pọ̀.

Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Ní ọdún 1851, àwọn tí ń gbé ní àfonífojì méjèèjì tí à ń pè ní Rhondda kò tó 1,000, àgùntàn ni púpọ̀ nínú wọn sì ń sìn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1911, wọ́n ti lé ní 150,000. Èédú abẹ́ ilẹ̀, èyí tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ayé ìgbà náà ń jó, ni ó pè wọ́n jọ. Nítorí pé àfonífojì náà há, ẹsẹẹsẹ ni wọ́n kọ́ ilé sí ara òkè, ilé òkúta tí ògiri ọ̀kan jẹ́ ògiri èkejì. Àwọn tí wọ́n lo ìgbà èwe wọn níbẹ̀ kì í gbàgbé àgùntàn tí ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ wá tú garawa ìdọ̀tí ní ẹ̀yìnkùlé. Wọn kì í sì í gbàgbé òkìtì dúdú tí àwọn awakùsà ń da ilẹ̀ àti òkúta tí kò wúlò jọ sí, nítorí pé àwọn ọmọdé a máa jókòó sórí ògbólógbòó páànù, wọn a sì máa yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà kò rí bákan náà mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1966. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ní Aberfan, àfonífojì mìíràn tí kò jìnnà sí Rhondda, irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ya lulẹ̀ bo ilé-ẹ̀kọ́ kan àti àwọn ilé tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ènìyàn 144 ni ó kú; 116 nínú wọn jẹ́ ọmọdé.

Kí àwọn iléeṣẹ́ èédú tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìwẹ̀ sí ẹnu kòtò, ilé ni baba ń gbé ìdọ̀tí rẹ̀ bọ̀. Ojú rẹ̀ a dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọpọ́n ìwẹ̀ onírin a ti wà níwájú iná, omi a sì ti hó. Ìyàwó tàbí ọmọ ni yóò fọ ẹ̀yìn rẹ̀ fún un, bí ó bá gbà. Nítorí àwọn kan wà tí wọ́n gbàgbọ́ pé omi a máa sọ ọ̀pá ẹ̀yìn di ahẹrẹpẹ, wọn kì í sì í jẹ́ kí a fọ ibẹ̀ rárá. Nínú ìtàn tí àwọn ọkùnrin ń sọ, ibi ìtura ni ọpọ́n yìí. Nínú ti àwọn obìnrin, ẹrù omi gbígbóná ni: bí baba àti ọmọkùnrin méjì bá ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, omi gbọ́dọ̀ hó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ó yẹ kí a gbọ́ tọ̀tún tòsì kí a tó pe ayé àtijọ́ ní ayé ìrọ̀rùn.

Ilé ìsìn ni ibi tí èdè Wales ti jọba. Láti ọdún 1588 ni Bíṣọ́ọ̀bù William Morgan ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè náà tán, Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni ọ̀pọ̀ ọmọ sì ti kọ́ bí a ti ń kà á. Bethel, Ebenezer, Sion: orúkọ tí àwọn ilé ìsìn wọn ń jẹ́ nìyí, ẹni tí ó bá sì ti rìn káàkiri Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta mọ irú wọn dáadáa. Ohun mìíràn tún wà tí ó bá tiwa mu. Àwọn awakùsà àti ọmọ wọn tí wọn kò ní owó dùùrù fi dò-rè-mí kọ́ orin olóhùn mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ní ilẹ̀ Yorùbá ti ṣe.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ti ilé-ẹ̀kọ́. Ìtàn kan wà tí àwọn ọmọ ọdún 1925 ń gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá àgbà wọn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọmọ tí ó bá sọ èdè Wales nínú kíláàsì, pákó kan ni wọn yóò fi kọ́ ọ lọ́rùn, tí wọ́n kọ ‘WN’ sí lára. Bí ó bá gbọ́ tí ẹlòmíràn sọ ọ́, yóò bọ́ ọ fún onítọ̀hún. Ọrùn tí pákó bá wà nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí ni yóò jẹ ẹgba. Ìkà tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹgba nìkan. Àwọn ọmọ ni a sọ di ọ̀tá ara wọn nítorí èdè ìyá wọn. Kò sí òfin ìjọba tí ó pa á láṣẹ. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n ń ṣe é, àwọn òbí mìíràn sì fara mọ́ ọn. Ní ọdún 1847, ìròyìn tí ìjọba gbé jáde lórí ẹ̀kọ́ ní Wales sọ pé èdè náà jẹ́ ìdènà fún ìlọsíwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí a rán láti ṣe ìwádìí náà kò sì gbọ́ èdè náà. Àwọn Yorùbá tí wọ́n san owó ìtanràn rí nítorí pé wọ́n sọ Yorùbá ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ níhìn-ín.

Síbẹ̀, pákó kọ́ ni ó pa èdè náà ní Rhondda. Ní ọdún 1911, ju ìdajì àwọn ará ibẹ̀ lọ ni wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Lóòótọ́, àwọn àjèjì tí wọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá wa èédú ti pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ jù lọ. Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, ọjà èédú kú. Láàárín ọdún 1921 àti 1940, ó lé ní 400,000 ènìyàn tí ó fi Wales sílẹ̀ láti wá iṣẹ́ lọ sí àwọn ìlú bí Coventry, Oxford àti Slough. Òbí tí ó bá rí èyí kò ní pẹ́ rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ òun yóò fi jẹun. Nítorí náà ni ìrántí kan fi wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí a bí ní ìgbà náà: bàbá àti ìyá a máa bá ara wọn sọ èdè Wales, wọn a sì yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ bá ti wọlé. Èdè ìyá wá di èdè àṣírí, èyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ gbèsè, oyún àti àìsàn. Ìfẹ́ ni àwọn òbí wọ̀nyí rò pé àwọn ń fi hàn. Ìṣirò wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ burú ní ti iṣẹ́. Ohun tí wọn kò kà mọ́ ọn ni pé ọmọ náà kò ní lè bá ìyá ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ kọ̀ láti lọ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Wales rárá ní àfonífojì náà ṣì ń pe ìyá àgbà rẹ̀ ní ‘mam-gu’. Ó ṣì ń lo ‘cwtsh’, ọ̀rọ̀ kan náà tí ó ń jẹ́ igun kékeré tí a ń kó èédú sí nínú ilé, tí ó sì tún ń jẹ́ gbígbá tí a gbá ọmọ mọ́ra.

Ní ọdún 1962 ni wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ tí ó ń fi èdè Wales kọ́ni ní gúúsù, ní Rhydfelen, nítòsí Pontypridd. Àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé 17.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Wales ni wọ́n ń sọ èdè náà. Láti ìgbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ti dé, ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn ilé kan ní Rhondda. Ọmọ a ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, a jókòó ti mam-gu rẹ̀, àwọn méjèèjì a sì máa sọ èdè Wales. Ìyá ọmọ náà, tí a tọ́ dàgbà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nìkan, a jókòó láàárín wọn, a máa wo ẹnu wọn, a sì bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tí ìyá òun wí.