Èbúté Ouidah àti Ìlú Savi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ ti rí yàrà àtijọ́ tó yí Kétu ká. Ẹ ti gba Àkàbà Ìdẹ́nà kọjá. Àwọn baba wa ló gbẹ́ yàrà náà kí ọ̀tá má baà wọlé. Yàrà kò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń pìtàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ ń pìtàn ní èbúté. Ẹ jẹ́ kí a kà nípa èbúté kan tó kan ìdílé púpọ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ibi tí èbúté náà wà

Ouidah wà ní ìwọ̀-oòrùn Kútọnu. Ó tó kìlómítà 4 sí òkun, ọ̀sà sì wà láàrin wọn. Ìgbì òkun ibẹ̀ le púpọ̀. Ọkọ̀ ńlá kò lè dé etí ilẹ̀, òkèèrè ni ó ń dúró sí. Àwọn atukọ̀ ló ń fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ la ìgbì kọjá, tí wọ́n ń kó ẹrù àti ènìyàn lọ sínú ọkọ̀ ńlá.

Ọba Savi àti àwọn òyìnbó

Savi ni olú-ìlú àwọn ará Hueda. Láti Ouidah, ó tó ìrìn bí wákàtí méjì sí ìhà àríwá. Ọba fi àwọn oníṣòwò Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Potogí sí ẹ̀gbẹ́ ààfin rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè tó wọn. Bí ìlú wọn tilẹ̀ ń bá ara wọn jagun lókè òkun, ọba kò gbà kí wọ́n jà ní èbúté òun.

Ní 1727, Agaja, ọba Dàhòmì, ṣẹ́gun Savi, ó sì pa ìlú náà run. Láti ìgbà náà, ọwọ́ Dàhòmì ni èbúté Ouidah wà títí àwọn Faransé fi gbà á ní 1892.

Ohun tí wọ́n rí nínú ilẹ̀

Awalẹ̀pìtàn ni ẹni tí ń wa ilẹ̀ kí ó lè mọ ìtàn. Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ẹ wo ààtàn ilé yín. Ohun tí ẹ dà nù lánàá wà lókè. Ohun tí àwọn ìyá yín dà nù wà nísàlẹ̀. Bí a bá ṣe ń wa ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ni a ń bá ohun tó pẹ́ jù.

Lẹ́yìn 1990, Kenneth Kelly, awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà, wa ilẹ̀ ní Savi. Ó rí yàrà tó yí ààfin ká. Ó rí bíríkì, ìkòkò tábà, ìlẹ̀kẹ̀ àti àfọ́kù àwo tánganran tó ti ìlú Ṣáínà wá. Ṣùgbọ́n àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí àwọn ará ilé mọ ló pọ̀ jù. Èyí fi hàn pé àwọn ará Savi ra ọjà òyìnbó, àmọ́ wọn kò fi ìṣe ilé wọn sílẹ̀.

Ohun tó kan àwa

Ènìyàn ni ọjà tó pọ̀ jù ní èbúté yìí. Ó ju mílíọ̀nù kan ẹrú tí wọ́n kó gba ibẹ̀ lọ kí òwò náà tó parí láàrin ọdún 1860 sí 1870. Ogun ló kó púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ Kétu wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Brazil. Títí di òní, ní Salvador, àwọn olórìṣà púpọ̀ ń pe ìsìn wọn ní ti Kétu.

Ní 1886, Glele, ọba Dàhòmì, fọ́ Kétu. Nígbà náà òwò ẹrú òkun ti parí, nítorí náà Dàhòmì ni àwọn tí wọ́n kó wà. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, púpọ̀ nínú wọn padà wá tún ìlú kọ́.

Nítorí náà, bí ọkọ́ yín bá kan ìkòkò àtijọ́ lóko, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ fi í síbi tó wà, kí ẹ sì sọ fún àwọn àgbà ìlú. Ọmọ tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè dé etí ilẹ̀ ní Ouidah?
2. Kí ni àfọ́kù ìkòkò amọ̀ kọ́ wa nípa àwọn ará Savi?
3. Kí ni àwọn àgbà ilé yín sọ fún yín nípa ogun 1886?