Bọ́ọ̀dù Kọ̀ǹpútà Ìpamọ́: Bí A Ti Ń Yàn Án àti Bí A Ti Ń Wá Àrùn Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a ó jọ yẹ̀ wò yìí kan gbogbo ilé tí ó ní ohun tí kò fẹ́ kí ó ṣègbé. Ní ayé àwọn baba wa, inú àpótí ni ìwé ilẹ̀ ń gbé, ara ògiri sì ni àwòrán ń wà. Nísinsìnyí, inú fóònù ni a kó gbogbo rẹ̀ sí: àwòrán ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀ tí a yà ní fọ́tò, ohùn ìyá àgbà tí ń ki oríkì ìdílé. Bí fóònù náà bá bọ́ sómi, ó parí. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń to kọ̀ǹpútà kan sí ilé tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kí ó máa pa nǹkan mọ́ fún gbogbo ará ilé. Ìgàngán ni ẹ wà ni o, tàbí Tápà, tàbí Ayétẹ̀, tàbí èyíkéyìí nínú Ìbàràpá méje, ẹ lè to irú rẹ̀.

Kí ni à ń pè ní bọ́ọ̀dù? Ẹ rántí agbo-ilé àtijọ́. Yàrá pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlá kan ni gbogbo ilẹ̀kùn kọjú sí, ẹni tí yóò bá ti yàrá kan lọ sí òmíràn ní láti gba àgbàlá náà kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bọ́ọ̀dù rí. CPU tí ń ṣe ìṣirò, RAM tí ń gba ọ̀rọ̀ dání fún ìgbà díẹ̀, àti háàdì dísìkì tí ń pa á mọ́ fún ìgbà pípẹ́, orí bọ́ọ̀dù ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí: bọ́ọ̀dù yóò kú ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ohun tí a fi pamọ́ kò gbọdọ̀ bá a kú.

Báwo ni a ó ti yàn án? Èkíní, ẹ ka ihò rẹ̀. SATA ni orúkọ ihò tí à ń ki okùn dísìkì bọ̀. Dísìkì méjì ni ó kéré jù, kí ohun tí a kọ sí ọ̀kan lè wà nínú èkejì pẹ̀lú. A sì tún nílò ọ̀kan fún ètò tí ń darí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá ní ihò mẹ́fà ti ní àyè fún ọjọ́ iwájú. Ẹ fara balẹ̀ ka ìwé tí ó bá bọ́ọ̀dù wá, nítorí lórí òmíràn, bí a bá fi dísìkì pẹlẹbẹ sí ihò tí à ń pè ní M.2, ihò SATA kan yóò dákẹ́.

Èkejì, ẹ béèrè bóyá ó gba RAM tí à ń pè ní ECC. Àmì 0 àti 1 ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ ohun gbogbo, àmì kan sì lè yí padà nínú RAM láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní ọdún 1950, Richard Hamming, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bell ní Amẹ́ríkà, tẹ ọgbọ́n kan jáde tí ẹ̀rọ lè fi mọ àmì tí ó ṣìnà, kí ó sì dá a padà sí ipò. Irú ọgbọ́n yẹn ni ECC ń lò. Níbi tí RAM DDR4 lásán ti ń gbé àmì 64 lẹ́ẹ̀kan, ti ECC ń gbé 72. Mẹ́jọ tí ó lé ni ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n CPU àti bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ jọ gbà á. Ẹ tún ṣọ́ra: Registered ni púpọ̀ nínú RAM tí a yọ lára sẹ́fà ńláńlá. Bọ́ọ̀dù tí ń fẹ́ Unbuffered kò ní gbà á, bí owó rẹ̀ ti wù kí ó rọ̀ tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo oúnjẹ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ìpamọ́ kì í sùn. Èyí tí ń jẹ wáàtì 40 yóò jẹ 960 láàárín wákàtí 24. Èyí tí ń jẹ 100 yóò jẹ 2,400. Bí iná bá lọ, bátìrì ínfátà yín ni yóò san gbèsè náà. Bọ́ọ̀dù tí ó yára bí àṣá kò wúlò fún iṣẹ́ yìí bí èyí tí kì í jẹun púpọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo ara rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò rà, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ wo àwọn agolo kéékèèké tí ó dúró lórí rẹ̀. Èyí tí orí rẹ̀ bá wú tàbí tí ó ń sun omi ti ń kú lọ. Ẹ wo ibi tí CPU ń jókòó, kí irin wẹ́wẹ́ kan má ti tẹ̀. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ pẹ̀lú: ATX, ìwọ̀n tí Intel gbé jáde ní 1995, jẹ́ mílímítà 305 sí 244. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù tí a yọ nínú sẹ́fà lè ní ìwọ̀n tirẹ̀ àti ẹnu okùn iná tirẹ̀, tí kò ní bá àpótí yín mu.

Wàyí o, bí a bá tẹ bọ́tìnì tí kò dáhùn ńkọ́? Ẹ má sáré kó owó lọ sọ́jà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ yọ okùn iná lára ògiri, kí ẹ fọwọ́ kan irin àpótí kí ẹ tó kan bọ́ọ̀dù, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́ tí ara wa ń gbé iná wẹ́wẹ́ kiri. Ẹ wò ó bóyá okùn iná ńlá onírin 24 àti okùn iná CPU wọlé dáadáa. Àwọn ènìyàn a máa gbàgbé èkejì yìí. Ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ idẹ kan wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù níbi tí kò ti sí ihò skúrù, nítorí ó lè mú kí iná gba ibi tí kò yẹ.

Bí kò bá tíì dáhùn, ẹ tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi CPU àti fáànù rẹ̀ àti RAM ẹyọ kan sílẹ̀, kí ẹ yọ gbogbo ìyókù. Bí ó bá jí, ẹ máa dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ fi sí i tí ó tún kú ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí kò bá jí, ẹ pààrọ̀ RAM, lẹ́yìn náà páwà sápláì. Ẹ má ṣe yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ ṣe sínú ìwé. Ẹ ní sùúrù pẹ̀lú: bọ́ọ̀dù sẹ́fà mìíràn lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó fọhùn. Bí aago rẹ̀ bá ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí a bá pa á, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ni ó ti rẹ̀. Bí dísìkì kan bá ń pòórá, okùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ẹ tó dá dísìkì lẹ́bi.

Bí ó bá wá kú pátápátá ńkọ́? Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹ lo RAID tí a kọ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, nítorí ó lè di dandan kí ẹ wá irú bọ́ọ̀dù kan náà kí ẹ tó lè ka dísìkì yín. Ètò bíi ZFS, tí Sun Microsystems gbé jáde ní 2005, kò so dísìkì mọ́ bọ́ọ̀dù kan. Ẹ kó àwọn dísìkì náà lọ sára bọ́ọ̀dù mìíràn tí ó ní ètò náà, yóò kà wọ́n.

Síbẹ̀, dísìkì méjì nínú àpótí kan ṣì jẹ́ ilé kan ṣoṣo. Ní òru 5 sí 6 Oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn kọlu Ìgàngán. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n dáná sun ilé, wọn kò sì yọ ààfin sílẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀dù tí ó lè gba ohun ìpamọ́ lọ́wọ́ irú iná bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣe ẹ̀dà kẹta, kí ẹ gbé e sí ìlú mìíràn, lọ́dọ̀ ọmọ tàbí àbúrò tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, kí ẹ sì máa tún un kọ ní oṣooṣù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohùn ìyá àgbà kò ṣeé rà ní Ìkẹjà.