Bí Omi àti Èròjà Ṣe Ń Gba Awọ Sẹ́ẹ̀lì Kọjá

Awọ sẹ́ẹ̀lì ni ìbòrí tín-ín-rín tó ya inú sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó yí i ká. Ìpele ọ̀rá méjì tó lẹ̀ mọ́ra ni a fi ṣe é, àwọn purotéènì sì wà káàkiri ara rẹ̀ bí ilẹ̀kùn ti ń wà lára ògiri. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ń gba àárín ọ̀rá náà wọlé láìsí ìdíwọ́. Iyọ̀ àti ṣúgà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àfi kí purotéènì ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, èròjà a máa kúrò níbi tó ti pọ̀ lọ síbi tí kò ti pọ̀, sẹ́ẹ̀lì kò sì ní ná agbára kankan. Láti gbé e lọ ní òdì kejì ni agbára fi ń wọ̀ ọ́. Purotéènì kan wà tó ń ti sódíọ̀mù mẹ́ta jáde, tó sì ń fa pòtásíọ̀mù méjì wọlé, tọ̀sán-tòru. Jens Skou, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1957. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1997.

Ti omi yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì kì í fa omi fúnra rẹ̀. Ibi tí èròjà bá pọ̀ sí ni omi ń wọ́ tẹ̀lé e lọ. Èyí ni à ń pè ní osmosis. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ti ń ṣe koobi, ẹja oníyọ̀ ilẹ̀ Ghana, ti fojú ara rẹ̀ rí i: bí iyọ̀ bá ti bo ẹja náà, omi ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde. Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, ihò purotéènì tí wọ́n ń pè ní aquaporin ni omi ń gbà. Peter Agre, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ẹ̀bùn Nobel lórí àwárí yìí ní 2003.

Nínú àrùn onígbáméjì, tó wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1970, ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Oró kòkòrò àrùn náà ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìfun kékeré máa da kíláráìdì sínú ìfun. Sódíọ̀mù á tẹ̀lé e, omi á sì tẹ̀lé àwọn méjèèjì. Bí àrùn náà bá le, aláìsàn lè pàdánù tó lítà 1 láàárín wákàtí kan. Omi lásán tó bá mu kò ní dá iyọ̀ tó ti lọ padà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà tí oró náà kò tì. Sódíọ̀mù àti glúkóòsì ń jọ gba ibẹ̀ wọlé ni. Ọ̀kan kì í dá wọlé láìsí ìkejì rẹ̀. Robert Crane ló ṣàlàyé èyí ní Prague ní 1960. Bí àwọn méjèèjì bá ti wọlé, omi kò ní ṣàì tẹ̀lé wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń po ṣúgà mọ́ iyọ̀: kì í ṣe nítorí adùn, bí àwọn kan ti rò. Ní 1971, Dilip Mahalanabis fún àwọn olùwá-ibi-ìsádi ní Bangaon, nílẹ̀ Íńdíà, ní irú omi yìí mu. Ikú tó ń pa nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn tẹ́lẹ̀ wálẹ̀ sí ohun tí kò tó 4.

Ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, inú ìfun ni yóò jókòó sí, yóò sì fa omi ara síbẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru á le sí i. Àpọ̀jù iyọ̀ léwu fún ọmọdé. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe dín àwọn méjèèjì kù nínú àpò oògùn náà ní 2002. Níbi tí àpò kò bá sí, ṣíbí ìmutíì 6 ti ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, tí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ni a ń pò mọ́ lítà 1 omi tó mọ́. Ẹni tí kò bá lè mu ún mọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé e lọ, kí wọ́n lè fa omi sí i lára.