Owó tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Èṣíà: ẹ ka èyí tó kù, ẹ má ka èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tíṣà nílé máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Àǹtí, èló ni wọ́n ń san níbẹ̀ yẹn?" Wọn kì í béèrè irú iṣẹ́ tó jẹ́. Wọn kì í béèrè iye ọmọ tó wà nínú kíláàsì kan, tàbí irú ọ̀gá tí wọ́n máa bá pàdé. Èló ṣáá ni. Mi ò bá wọn wí. Láti oṣù keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ti di 70,000 náírà, síbẹ̀ àwọn tíṣà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọn ò tíì fojú kan iye yẹn. Àtìgbà tá a ti wà lọ́mọdé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba tòun láyé níbí kò jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kúrò nílẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ibi tówó wà ló ṣí sílẹ̀ fún wa. South Korea, tí wọ́n ti ń fún tíṣà nílé gbé lọ́fẹ̀ẹ́, orílẹ̀-èdè 7 péré ni wọ́n ń fún ní físà tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wọn, South Africa nìkan ló sì wà níbẹ̀ láti Áfíríkà. Ṣáínà náà, àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn ni wọ́n ń wá. Ní oṣù keje ọdún 2021, ìjọba ibẹ̀ tún ṣòfin tó tilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àfikún, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn tíṣà tó ti rò pé ọwọ́ àwọn ti tẹ góòlù. Èmi, Thailand ni mo bá lọ. Wọ́n ní kí n gba máàkì 600 ó kéré tán nínú ìdánwò TOEIC. Èdè tí wọ́n torí ẹ̀ nà wá ní sùkúù tá a bá ti sọ Yorùbá, òun náà ni mo tún ń jókòó ṣèdánwò fún kí wọ́n lè gbà pé mo gbọ́ ọ. Ó dáa náà.

Ọdún karùn-ún mi nìyí. Mo lo méjì ní Bangkok, ní ibì kan tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ olówó ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ilé-ìwé àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìyókù, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni, ní Isan, agbègbè àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní àríwá ìlà-oòrùn. Torí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò.

Ní Bangkok, 30,000 baht ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Yàrá gba 8,500, iná àti omi gba 2,000, ọkọ̀ gba 3,000, oúnjẹ àti wótòwótò gba 9,000. Ó ku 7,500. Ní Isan, 22,000 ni. Ẹ rí i pé ó já wálẹ̀ gan-an. Àmọ́ yàrá mi níbí jẹ́ 3,500, iná àti omi 1,000, epo ọ̀kadà mi 1,000, oúnjẹ àti ìyókù 6,000. Ó ku 10,500. Àbí ẹ ò rí i? Owó tó kéré ló ṣẹ́kù jù.

Ẹ má tíì yọ̀. Àdéhùn oṣù mẹ́wàá ni tibí. Láti àárín oṣù kẹta títí di àárín oṣù karùn-ún, ilé-ìwé wà ní ìsinmi, a kì í sì í gbowó. Mo máa jẹun, mo sì máa sanwó ilé. Tí mo bá yọ oṣù méjì yẹn, ohun tó ń kù sí mi lọ́wọ́ lọ́dún ní Isan jẹ́ 82,000 baht. Ti Bangkok jẹ́ 90,000. Ìyàtọ̀ iṣẹ́ méjèèjì, lẹ́yìn gbogbo ariwo, 8,000 baht ni fún odindi ọdún kan. Èjẹ́ǹtì tó ń pe 30,000 sí yín létí kò ní bá yín ṣe ìṣirò yìí.

Kí ni mo wá ń tà ní 8,000 baht yẹn nígbà tí mo wà ní Bangkok? Àkọ́kọ́, ìlú mi. Wọ́n ní kí n máa sọ fún àwọn òbí pé Amẹ́ríkà ni mo ti wá. Obìnrin tó sọ ọ́ fún mi ò tiẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni ń ṣèkà, ó rẹ́rìn-ín ni, ó ní gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní Ìbàdàn ni mo ti wá, Ìbàdàn ni n ó sì máa pè. Látìgbà náà, tí òbí tuntun bá ti ń bọ̀ wá wo kíláàsì, wọ́n á ní kí n lọ sinmi, wọ́n á fi ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan síbẹ̀ tó jẹ́ pé ìrìn àjò afẹ́ ló bá wá sí Thailand. Ọmọ dáadáa ni o. Ọ̀dọ̀ mi ló ti máa ń wá bi mí nípa gírámà kó tó wọlé.

Iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìwé ni wọ́n ń gbé lé wa lọ́wọ́, gbólóhùn tá a máa sọ ti wà níbẹ̀, eré tí a máa ṣe ti wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú àádọ́ta pé, ó tán, òmíràn tún wọlé. Àyékòótọ́ lè ṣe é. Ọjọ́ tí mo bá yà kúrò nínú ìwé, wọ́n á pè mí.

Ní Isan, ọmọ 42 ló wà ní kíláàsì mi tó tóbi jù, ooru ibẹ̀ kò kéré, agogo méje ààbọ̀ àárọ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu géètì tí n ó máa kí àwọn ọmọ. Ẹni tó bá gba òdo nínú ìdánwò, a máa tún un ṣe fún un títí tó fi máa yege. Ìyẹn ń bí mi nínú di òní. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí níbẹ̀. Àwọn ọmọ Thai kì í lè pe "school". "Sàkuun" ni wọ́n ń pè é, torí ètè wọn kò gba kọ́ńsónáǹtì méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀. Mo kọ "sùkúù" sójú pátákó, mo ní ohun tí bàbá mi ń pè é nìyẹn. Kíláàsì pariwo! Wọ́n ń pe "bus" ní "bat", wọ́n gé ìparí rẹ̀. Àwa fi fáwẹ̀lì kún un, ó di "bọ́ọ̀sì". Èdè olóhùn ni tiwa, ohùn mẹ́ta. Tiwọn náà olóhùn ni, ohùn márùn-ún. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń fún wọn lọ́rùn, mo mọ̀ ọ́n, torí ó ti fún àwa náà lọ́rùn rí. Mi ò rò pé ọmọ Amẹ́ríkà kankan lè mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ irú ìmọ̀ yìí sínú fọ́ọ̀mù físà.

Lóṣù kẹfà tí wọ́n bá ń ṣe Wai Khru, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń bu ọlá fún olùkọ́, àwọn ọmọ á kúnlẹ̀, wọ́n á gbé òdòdó fún wa. Ọmọ Yorùbá tó bá rí ìkúnlẹ̀ yẹn kò nílò ògbufọ̀.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ayọ̀ san owó oṣù yín. Àwọn ọ̀gá mọ̀ pé a fẹ́ràn àwọn ọmọ, wọ́n sì ń fi jẹ wá. Ọdún àkọ́kọ́ mi níbí, wọ́n ní ká wá ṣe àgọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́, "torí àwọn ọmọ." Nígbà kejì mo béèrè owó, wọ́n sì san án: 800 baht lójúmọ́. Àwọn ọmọ ò tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn mi dín.

Owó ńlá pàápàá kì í fìgbà gbogbo dúró. Ní Japan, Nova ló tóbi jù nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ èdè aládàáni. Ó wó lulẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tíṣà àjèjì ni ò rí owó oṣù gbà, àwọn kan sì ń kọ́ èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Ní Thailand, ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ yín so mọ́. Tó bá pa kọ́kọ́rọ́ dé lónìí, físà yín ti wà nínú ewu lọ́la.

Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kí gbogbo èèyàn máa bọ̀ ní ìgbèríko. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣì wà ní Bangkok níbi tí mo ti kúrò. Òun ti gbà kí wọ́n máa pè é ní ará Amẹ́ríkà. Àbúrò mẹ́ta ló ń sanwó ilé-ìwé fún, oṣù méjì láìgbowó máa lé wọn wálé, kò sì sí ẹni tó máa fi òdòdó Wai Khru sanwó yunifásítì. Tá a bá jọ sọ̀rọ̀, mi ò kì í bi í léèrè ìdí tó fi dúró. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn máa ṣe tán lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ti ní kí n máa bá òun wo yàrá, àmọ́ kó má ju 3,500 lọ.