Sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tó kán: ẹ má gbé e lọ bá wẹ́dà

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ akẹ́rù nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọkọ̀ Mercedes 911 tó ti dàgbà ṣì ń kó ẹyìn, igi gẹdú àti gààrí láti oko wá sí Òkìtìpupa títí dé Ọ̀rẹ̀. Lára wọn ni èyí tí ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu tò pọ̀. Tí òjò bá ti ba ọ̀nà oko jẹ́, abẹ́ ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ forí fá a: ewé sípíríǹgì á kán, bọ́ọ̀ṣì á jẹ. Kí iṣẹ́ má bàa dúró, àwọn kan á ní kí wẹ́dà jó ewé náà pọ̀. Ewu ńlá ni.

Kí ló dé tí kò fi yẹ ká jó o?

Irin sípíríǹgì kì í ṣe irin lásán. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n fi iná sun ún títí tó fi pọ́n, wọ́n rì í sínú epo kó lè le, wọ́n sì tún yá a níná díẹ̀, kó lè máa tẹ̀ kó sì máa padà sípò. Iná wẹ́dà á ba gbogbo èyí jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó á gan bí àwo tánganran, ibẹ̀ náà ló sì máa tún kán tí ọkọ̀ bá fi ẹrù wọ kòtò. Tó bá jẹ́ ewé àkọ́kọ́, èyí tó ní etí méjèèjì tó di ọkọ̀ mú, ló kán lórí eré, axle lè yẹ̀ kúrò nípò, ọkọ̀ á sì yà bàrá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń bàjẹ́

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, láìsí ẹrù.

- Ẹ wò ó bóyá ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.
- Ẹ fi tépù wọn àárín táyà iwájú sí àárín táyà ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Tí kò bá dọ́gba, bóòtì àárín tó so àwọn ewé pọ̀ lè ti já. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn.
- Ẹ fi ọ̀pá irin gbọn etí sípíríǹgì. Tó bá ń mì, bọ́ọ̀ṣì ti jẹ. Àìfúngírísì ló sábà máa ń fà á, bọ́ọ̀ṣì tó jẹ ló sì ń mú kí ewé tètè kán.

Àtúnṣe tó yẹ

Ewé tó kán, pípààrọ̀ ni. Ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, torí tuntun àti ògbólógbòó kì í gbé ẹrù dọ́gba. Ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì àti U-bolt náà, nítorí U-bolt tó ti nà kì í di nǹkan mú dáadáa mọ́. Lẹ́yìn ìrìn àjò ẹlẹ́rù àkọ́kọ́, ẹ tún nọ́ọ̀tì wọn fún.

Tó bá jẹ́ ti tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní “Belgium” ní ọjà Ladipo l'Ékòó, lẹ fẹ́ rà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ fi karosíìnì pa á lára, ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ wá bu ẹfun lílọ̀ sí i. Tó bá ti sán, karosíìnì á yọ jáde, á fa ìlà dúdú sójú ẹfun náà.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dá lórí jáàkì nìkan. Ẹ fi igi tó nípọn gbé e ró, kẹ́ ẹ sì dènà táyà. Kẹ́ ẹ tó tú bóòtì àárín, ẹ kọ́kọ́ fi irin di àwọn ewé náà mú, torí wọ́n lè ta síni lára.

Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kan máa ń fi ewé kún ewé kí ọkọ̀ lè gbé ẹrù sí i. Ṣùgbọ́n búréèkì ò pọ̀ sí i, ṣáàsí náà ò nípọn sí i. Ẹ rántí pé àwọn èèyàn ṣì ń jókòó sórí ẹyìn yẹn bọ̀ látoko. Ẹ̀mí wọn wà lórí ewé irin yẹn.